Nọ́ńbà lórí ìlà mẹ́rin: Bí àwọn tí kò mọ ìwé orin kà ṣe ń ta jìtá béèsì bí òyìnbó onírọ́ọ̀kì

Ọ̀rọ̀ jìtá ni tiwa lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn olè la ó ti mú un wá. Lọ́dún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ṣe Beatles, kó ẹrù ẹ̀, ó gba ìlú Èkó lọ. Ilé-iṣẹ́ EMI ní sítúdíò kan ní Àpápá nígbà náà, ibẹ̀ ló ní òun ti fẹ́ gba orin sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tuntun tó dá sílẹ̀, Wings, ló yẹ kí wọ́n jọ lọ, àmọ́ nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, méjì nínú wọn ní àwọn ò lọ mọ́, onílù wà nínú wọn, onígìtá náà wà níbẹ̀. Bó ṣe ku òun, ìyàwó ẹ̀, Linda, àti Denny Laine nìyẹn.

Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n dé tí wàhálà fi ṣẹlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tọkọtaya náà ní àwọn á fẹsẹ̀ rìn padà sílé, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lóru Èkó. Mọ́tò kan dúró, àwọn ọmọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ọ̀bẹ yọ. Linda bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ẹ má pa á o, olórin ni. Wọn ò pa á lóòótọ́, àmọ́ wọ́n gba báàgì lọ. Inú báàgì yẹn ni ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí wà, òun pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tí McCartney ti fi ohùn ara ẹ̀ gba gbogbo orin tó fẹ́ ṣe sí. Kò tán síbẹ̀ o. Fẹlá náà gbọ́ pé òyìnbó ti dé, ó fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí gbé. Àfìgbà tí McCartney gbé orin tó ti gbà sílẹ̀ sí i létí kó tó rí i pé kò sí tiwa nínú ẹ̀.

Báwo ni ọkùnrin yìí ṣe wá rí orin ẹ̀ gbà padà? Orí ló fi rántí gbogbo ẹ̀. McCartney ò mọ ìwé orin kà títí dòní, òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri. Ó jókòó, ó rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló ta béèsì, òun náà ló lu ìlù, wọ́n sì gbé àwo náà jáde nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà. Band on the Run ni wọ́n pè é, kò sì sí ẹni tó ń tẹ̀lé orin rọ́ọ̀kì tí kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n McCartney ni McCartney. Akọ̀wé tó jí láago mẹ́rin àbọ̀ kó lè bá ọkọ̀ lọ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ńkọ́? Tíṣà tí ojú ẹ̀ ti pọ́n nítorí ìwé àwọn ọmọléèwé tó ń máàkì? Àwọn wọ̀nyí ò ní orí tí wọ́n ó fi máa rántí orin mẹ́wàá, wọn ò sì ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n ó fi kọ́ ìwé orin, àmọ́ ó ń wù wọ́n láti mú jìtá béèsì dání lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n ta orin tí wọ́n ti ń gbọ́ láti kékeré. Torí tiwọn ni ohun tí wọ́n ń pè ní tablature ṣe wà. Táàbù làwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe máa pè é níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ jìtá tí à ń sọ ná. Èyí tó ní okùn mẹ́fà, tí ohùn ẹ̀ máa ń ta sókè, ìyẹn kọ́. Béèsì ni èyí tó ní okùn mẹ́rin, tí ọrùn ẹ̀ gùn, tí ohùn ẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá bí ohùn bàbá àgbà tó ń wúkọ́ nínú yàrá. Nínú rédíò kékeré, ẹ lè má gbọ́ ọ dáadáa. Àmọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú orin, kódà ẹni tí kò mọ orúkọ ẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò nílẹ̀. Kó tó di ọdún 1951, béèsì ńlá onígi tí wọ́n ń gbé nàró ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, ó ga ju ẹni tó ń ta á lọ, àfi kí wọ́n so ó mórí mọ́tò tí wọ́n bá ń lọ sóde. Kò sí ohunkóhun lọ́rùn ẹ̀ tó máa sọ fún ìka pé ibí ni kó tẹ̀. Ọdún 1951 yẹn ni Leo Fender, ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, gbé béèsì oníná tiẹ̀ jáde. Ó fi irin wẹ́wẹ́ dábùú ọrùn ẹ̀, fret ni wọ́n ń pè é, ó wá sọ ọ́ ní Precision Bass, tórí pé ẹni tó bá ti tẹ ìka sẹ́yìn irin, ohùn tó fẹ́ gan-an ló máa jáde, kò ní sọdá, kò sì ní kù díẹ̀.

Irin yẹn ló jẹ́ kí táàbù ṣeé ṣe. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé irin lè níye, a lè kà á. Níwọ̀n ìgbà tí a sì lè kà á, a lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tiẹ̀ yẹ kí n sọ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta béèsì ló dìídì fẹ́ ta á. McCartney fúnra ẹ̀, jìtá lásán ló ń ta tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ta béèsì fún Beatles, Stuart Sutcliffe, ló fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dún 1961 nílùú Hamburg ní Jámánì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà á. Òun ló padà já lé lọ́wọ́. Ó ra Höfner kan ní nǹkan bí ọgbọ̀n pọ́n-ùn, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Jìtá yẹn náà ò bọ́ lọ́wọ́ olè: lọ́dún 1972, ọdún kan ṣáájú ti Èkó, wọ́n jí i nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n páàkì sádùúgbò Notting Hill nílùú London. Ó tó ọdún mọ́kànléláàádọ́ta kí wọ́n tó rí i, oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n kéde pé ó ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá ní olè Èkó nìkan ni olè, kó tún èrò ẹ̀ pa.

Ó yá, táàbù. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sórí ìwé, ọ̀kan lórí èkejì. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún okùn kan. Lẹ́tà mẹ́rin ló wà níwájú wọn: G lókè pátápátá, D tẹ̀lé e, A tẹ̀lé ìyẹn, E ló wà nísàlẹ̀. E ni okùn tó sanra jù, G ló tín-ín-rín jù. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí lórí ìlà ló ń sọ fret tí ẹ máa tẹ̀ lórí okùn yẹn. Òdo túmọ̀ sí pé ẹ ò ní tẹ nǹkan kan, ẹ kàn máa fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn náà lásán. Láti apá òsì sí apá ọ̀tún lẹ ó máa kà á bí ẹ ṣe ń ka ìwé. Ó parí. Ẹni tó bá mọ òdo dé méjìlá ti mọ táàbù kà.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí, tẹ́ ẹ mọ dò-rè-mì, ẹ wo èyí. Dò-rè-mì yín náà ni, láti dò ìsàlẹ̀ títí dé dò òkè:

G|-------------------2--4--5--|
D|----------2--3--5-----------|
A|--3--5----------------------|
E|----------------------------|

Ẹ tẹ fret kẹta lórí okùn A, dò nìyẹn. Ìkarùn-ún lórí okùn kan náà, rè. Ẹ bọ́ sórí D, ìkejì ni mì, ìkẹta ni fà, ìkarùn-ún ni sò. Ẹ bọ́ sórí G, là, tì, ẹ ti padà délé dò. Ẹ ò lọ jìnnà rárá, ìka mẹ́rin ọwọ́ òsì lè ṣe gbogbo ẹ̀ láì ṣí kúrò lójú kan. Mo ti rí ọmọ akọrin kan tó kọrin yìí jáde lórí béèsì kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná, bẹ́ẹ̀ kò tíì mú jìtá dání rí láyé ẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń da orí àwọn èèyàn rú, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́. Tí ẹ bá gbé jìtá sáyà, okùn tó sanra jù, ìyẹn E, ló máa sún mọ́ ojú yín jù, òkè ló máa wà. Àmọ́ nínú táàbù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn kan máa ń rò pé ẹni tó kọ ọ́ ṣìnà ni. Kò ṣìnà. Ohùn ló tẹ̀ lé: ohùn tó ga wà lókè ìwé, ohùn tó rẹlẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ tẹ jìtá náà sórí itan bí ẹni tó gbé ìwé kalẹ̀, kí ẹ wò ó láti òkè, ẹ ó rí i pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ló rí.

Àwọn àmì kéékèèké kan tún wà. Tí ẹ bá rí h láàárín nọ́ńbà méjì, ẹ ta ti àkọ́kọ́, kí ẹ wá fi ìka òsì gbá èkejì mọ́lẹ̀ láì tún okùn ta. Ti p ni òdìkejì ẹ̀, ìka ni ẹ máa fà kúrò. Ìlà tó tẹ̀ báyìí, /, túmọ̀ sí pé kí ìka yín yọ̀ lọ láti ibì kan sí ibòmíràn. Tí ẹ bá rí x, ẹ kàn gbé ọwọ́ lé okùn láì tẹ̀ ẹ́, kí ó dún gbù bí ìgbà tí èèyàn gbá pákó. Àwọn tó mọ béèsì dáadáa, x yẹn ni wọ́n fi ń mú kí orin mì.

Ǹjẹ́ ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí? Ẹ padà wo dò-rè-mì tí mo kọ sókè yẹn. Kò sí ibi tó ti sọ fún yín bí ẹ ṣe máa pẹ́ tó lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Dò-rè-mì ṣọ́ọ̀ṣì ní àmì tó ń sọ ìgbà tí ohùn máa gùn àti ìgbà tí ó máa kúrú. Ìwé orin àwọn òyìnbó náà ní tiẹ̀. Táàbù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ fún ara wọn ò ní. Ó sọ ibi tí ìka máa lọ, kò sọ ìgbà tí ó máa lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá gbọ́ orin kan rí, kó má wulẹ̀ dá ara ẹ̀ lágara pé òun fẹ́ fi táàbù kọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà: ó lè pe gbogbo lẹ́tà, kó má sì mọ̀ bóyá ọkọ́ lòún ń pè àbí ọkọ̀. Etí ló ní orin. Táàbù kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Àwọn kan tó mọ ìwé orin kà máa ń fojú di táàbù, wọ́n ní ohun àwọn ọ̀lẹ ni, ohun àná. Irọ́ ni o. Lọ́dún 1507, nílùú Venice ní Ítálì, Ottaviano Petrucci ti tẹ ìwé táàbù jáde fún lute, ohun èlò olókùn kan tó jọ jìtá, Francesco Spinacino ló sì kọ ọ́. Ìlà àti nọ́ńbà ló wà nínú ẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà o: tiwọn ní àmì tó ń sọ bí ohùn ṣe máa pẹ́ tó. Àwa tá a wà láyé kọ̀ǹpútà la wá yọ ọ́ sẹ́yìn.

Orin wo ni kí èèyàn kọ́kọ́ dáwọ́ lé? Ọ̀pọ̀ á sọ fún yín pé Seven Nation Army ti àwọn White Stripes, tó jáde lọ́dún 2003. Àwọn tí kò gbọ́ rọ́ọ̀kì rí pàápàá mọ orin yẹn, tórí pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2003, àwọn alátìlẹ́yìn Club Brugge láti Bẹ́ljíọ̀mù lọ wo bọ́ọ̀lù ní Milan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn kọ ibi tó dà bíi béèsì nínú orin náà, ẹgbẹ́ wọn sì na AC Milan ní 1-0. Bí wọ́n ṣe gbé e relé nìyẹn. Nígbà tó fi di Ife Àgbáyé 2006, àwọn ará Ítálì ti gbà á, àwọn náà ni wọ́n sì gba ife.

Ṣé ẹ rántí pé mo ní ibi tó dà bíi béèsì? Àṣírí ibẹ̀ rè é. Kò sí béèsì kankan nínú ẹ̀. Èèyàn méjì péré ló wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, Jack White ń ta jìtá, Meg White ń lu ìlù. Jìtá olókùn mẹ́fà ni Jack ń ta, ó wá fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ kó lè dún bíi béèsì. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ló ń sọ fún ayé pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò làwọn, títí táwọn oníròyìn fi hú ìwé ìgbéyàwó wọn jáde: tọkọtaya ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ọdún 1996 ni wọ́n fẹ́ra, wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́dún 2000. Irú ayé wo rè é! Àmọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, orin náà dùn ún kọ́ lórí béèsì, tórí orí okùn A nìkan ni èèyàn lè ti ta gbolóhùn orin yẹn látòkè délẹ̀, ohùn méje péré ni.

Èyí tó tún rọrùn jùyẹn lọ ni With or Without You ti U2, tó jáde lọ́dún 1987. Ohùn mẹ́rin ni Adam Clayton ń tún ta látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: D, A, B, G. Ẹni tí kò bá lè fi táàbù kọ́ ìyẹn láàárín wákàtí kan, kó lọ sinmi kó tún padà wá lọ́la. Ibi tí iṣẹ́ wà níbẹ̀ ni pé kó má sáré. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àjẹkù ni orin náà, ohùn mẹ́rin yẹn ò yí padà, ọwọ́ yín á máa wá ohun mìíràn ṣe. Ẹ má jẹ́ kó rí i ṣe.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni John Deacon ti Queen. Ẹlẹ́rọ ni, ó kàwé gboyè lórí iná mànàmáná ní Chelsea College, London, ó sì fi ìwé yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa: ó rí àjákù ẹ̀rọ kan nínú garawa ìdalẹ̀nù ní London, ó gbé e relé, ó sọ ọ́ di amplifier kékeré kan tí Brian May padà fi ṣe ọ̀pọ̀ àwo Queen. Kì í pariwo, kì í kọrin. Àmọ́ òun ló kọ Another One Bites the Dust tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980. Michael Jackson ló bá wọn lẹ́yìn eré, tó ní kí wọ́n gbé orin yẹn jáde lóun nìkan, wọn ò rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó létí á sọ pé béèsì ẹ̀ jọ ti Good Times, orin tí ẹgbẹ́ Chic ṣe lọ́dún 1979, Bernard Edwards tó ta ìyẹn sì sọ ọ́ jáde pé Deacon jókòó ti àwọn ní sítúdíò. Ẹ fi táàbù méjèèjì síra, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe jọra níbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì yà níparí. Ohun tí táàbù dára fún nìyẹn, ó máa ń tú àṣírí.

Deacon yìí kan náà ni wọ́n ń sọ ìtàn kan nípa ẹ̀. Ọdún 1981 ni, ní Montreux, orílẹ̀-èdè Switzerland, Queen àti David Bowie ń dá orin kan sílẹ̀. Deacon ta ohùn kékeré kan lórí béèsì, gbogbo wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n sì ń ta á lọ. Ebi wá pa wọ́n, wọ́n jáde lọ jẹun. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀gbẹ́ni ti gbàgbé ohun tó ta! Wọ́n ní Roger Taylor, onílù wọn, ló rántí ẹ̀. Under Pressure ni orin yẹn. Lọ́dún 1990, Vanilla Ice gbé béèsì yẹn sínú Ice Ice Baby láìtọrọ, ọ̀rọ̀ fẹ́ di ti kóòtù kí wọ́n tó yanjú ẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ àwọn tó ni ín kún un. Ẹ wo bí ohun tí oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ ṣe wá di ohun tí wọ́n ń gba lọ́yà lé lórí.

Ọ̀rọ̀ lọ́yà náà ti kan táàbù fúnra ẹ̀. Láti ọdún 1992 làwọn onígìtá ti ń kó táàbù tí wọ́n fetí gbọ́ tí wọ́n sì kọ jọ sójú kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, OLGA ni wọ́n ń pe ibẹ̀, orí kọ̀ǹpútà yunifásítì kan ní Las Vegas ló wà. Lọ́dún 1996, EMI ní àwọn ò gbà, ni yunifásítì bá tì í. Wọ́n gbé e gba ibòmíràn, Harry Fox Agency tún dé lọ́dún 1998. Ìgbà tó di 2006, àwọn ẹgbẹ́ tó ń tẹ ìwé orin ní Amẹ́ríkà kọ ìwé ìkìlọ̀, OLGA sì wọlé, kò jáde mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó ni orin ló ni ẹ̀tọ́ sí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn onígìtá ní tiwọn ní àwọn ò ta nǹkan kan, etí àwọn làwọn fi gbọ́ ọ, àwọn kàn ń kọ́ ara àwọn ni. Lónìí, àwọn ibì kan ti wà tó ń sanwó ẹ̀tọ́ fáwọn olórin kí wọ́n tó gbé táàbù jáde.

Èrò tèmi ni pé kó yẹ kí ẹni tó kọ orin jẹun lórí ẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ nígbà táwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń sunkún pé ọmọ tó jókòó nínú yàrá ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ń ja olórin lólè, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi wọ́n léèrè James Jamerson. Òun ló ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin tí Motown fi lówó nílùú Detroit, ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo ló fi ń ta á. Àwọn tó ń ta béèsì rọ́ọ̀kì, títí kan McCartney, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ ẹ̀ sára àwo, àfìgbà tó di What's Going On ti Marvin Gaye lọ́dún 1971. Ó kú lọ́dún 1983. Ọdún 2000 ni wọ́n tó gbé orúkọ ẹ̀ wọ ilé àwọn àkọni rọ́ọ̀kì. Kì í ṣe táàbù ló fi orúkọ ẹ̀ pamọ́.

Ẹ̀yin obìnrin ńkọ́, ṣé ẹ rò pé iṣẹ́ ọkùnrin ni? Lọ́dún 1963, ẹni tó yẹ kó wá ta béèsì ní sítúdíò kan ní Los Angeles ò yọjú, wọ́n bá gbé e fún Carol Kaye tó ń ta jìtá lásán. Kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó ta á fún Beach Boys, ó ta á fún àìmọye èèyàn, ó sì kọ ìwé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1969 láti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ti pinnu, àwọn nǹkan díẹ̀ rè é tí táàbù ò ní sọ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá okùn yín dún déédéé. Tí ẹ bá tẹ fret karùn-ún lórí E, ó gbọ́dọ̀ dún bákan náà pẹ̀lú okùn A tí ẹ ò tẹ̀. Ìkarùn-ún lórí A, bíi D. Ìkarùn-ún lórí D, bíi G. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, táàbù tó dáa jù láyé ò lè gbà yín. Ohun tí èyí tún ń sọ ni pé ohùn kan náà wà níbi tó ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà tí ẹ bá rí táàbù méjì fún orin kan tí nọ́ńbà wọn ò bára mu, ẹ má pariwo pé ọ̀kan ń parọ́. Ẹ ta méjèèjì, kí ẹ gbọ́. Àmọ́ irọ́ náà wà o, ó pọ̀ bí ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè jókòó kó kọ táàbù, àwọn mìíràn ò sì fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ. Tí nọ́ńbà kan bá ń dùn yín létí bí eyín tó kẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà ló ṣì, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìka tún máa dùn yín. Okùn béèsì nípọn, awọ ìka òsì á bó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó tó le. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́, ẹyìn irin gan-an ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe àárín. Ìṣẹ́jú ogún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fẹsẹ̀ lulẹ̀ bí ẹ ṣe ń ta á, kí ó tó di pé ẹ sáré bá àwo. Tí wọ́n bá mú iná lọ ní àdúgbò, ìyẹn ò ní kí ẹ má ṣiṣẹ́, béèsì oníná á ṣì dún díẹ̀ láìsí amplifier, pàápàá tí ẹ bá fi ìwo ẹ̀ ti ara kọ́bọ́ọ̀dù. Alábàágbé yín ò sì ní wá kanlẹ̀kùn.

Fún ẹni tó bá ti gba àwọn wọ̀nyí kọjá, Money ti Pink Floyd ló kàn, ọdún 1973 náà ló jáde. Tí ẹ bá wo táàbù ẹ̀, ẹ ó rò pé orin bíi tàwọn yòókù ni. Ó di ìgbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ lulẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé kì í ṣe mẹ́rin-mẹ́rin ni Roger Waters ń kà á, méje ni. Ẹsẹ̀ yín á kọ́kọ́ ṣì. Ẹ kà á lẹ́nu nínú ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀kan dé méje, ọ̀kan dé méje, kí ẹ tó gbé jìtá. Tó bá wá di ibi tí jìtá ti ń dá kọrin láàárín, orin náà á yí sí mẹ́rin, tí wọ́n bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu kọ ọ́, á padà sí méje. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá orin lẹ̀ ń ta, àbí nọ́ńbà lẹ̀ ń kà.